Ìdọ̀tí Tí À Ń Fowó Rà

Nígbà tí ẹgbẹ́ olórin Queens of the Stone Age gbé àwo tí wọ́n pè ní Villains jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, inú bí àwọn kan nínú àwọn olólùfẹ́ wọn kọjá ohun tí mo rò pé orin lè fà. Wọn ò ní orin inú rẹ̀ kò dùn. Wọ́n ní ó mọ́ jù. Gìtá tó máa ń kùn bí ẹni pé ilẹ̀ fẹ́ lanu ti di ohun tí wọ́n gé létí gééré. Ìlù ti gbẹ. Orin kan tilẹ̀ wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ sí, àfi bí ẹni pé agbo ijó ni wọ́n pe ènìyàn wá. Orí Mark Ronson ni wọ́n di gbogbo ẹ̀bi náà rù. Òun ló ṣe kòkáárí àwo náà, òun náà ló sì gbé “Uptown Funk” jáde pẹ̀lú Bruno Mars ní 2014, orin tó ṣòro kí ènìyàn tó lọ síbi ìgbéyàwó nígbà náà kó má gbọ́ ọ, ìbáà jẹ́ ní Ṣàgámù tàbí ní Síńgápọ̀.

Irú èdè tí wọ́n fi bínú ló mú mi dúró sí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní àwọn ọmọ náà ti dalẹ̀. Wọ́n ní wọ́n ti ta ara wọn, pé òtítọ́ ti kúrò lẹ́nu wọn. Ẹni tí iyọ̀ ọbẹ̀ kò tó lẹ́nu rẹ̀ kì í torí ìyẹn pe olóúnjẹ ní ọ̀dàlẹ̀. Ó lè sọ pé ọbẹ̀ tẹ́, kó sì wá ibòmíràn jẹun. Àmọ́ èdè tí àwọn àgbà fi ń bá ẹni tó ba májẹ̀mú jẹ́ wí ni àwọn wọ̀nyí lò, ohun tí wọ́n sì lò ó fún ni bí wọ́n ṣe gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn síwájú ìlù. Ìgbà náà ni ó yé mi pé ohun kan ti ṣípò láàárín wa láìjẹ́ pé a fura. A ti gbé òtítọ́ kúrò lára ènìyàn, a ti lọ gbé e sára ìró.

Kí n má bàa dà bí ẹni tó ń gbèjà ohun tí kò mọ̀, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dé aginjù tí orin náà ti wá. Ìlú kan wà ní gúúsù California tí wọ́n ń pè ní Palm Desert. Òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ níbẹ̀, síbẹ̀ koríko tútù yọ̀yọ̀, nítorí àwọn olówó tó ti fẹ̀yìn tì ń gbá gọ́ọ̀fù lórí rẹ̀, omi tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀ kì í sì í ṣe ti ojú ọ̀run. Ní 1987, àwọn ọmọ ilé-ìwé girama níbẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tó wá di Kyuss. Josh Homme tó ń ta gìtá fún wọn, ẹni tó wá di olórí Queens of the Stone Age lẹ́yìn náà, kò tíì ju ọmọ ọdún 14 lọ. Ibi tí àwọn ọmọdé ti lè lu irú ìlù bẹ́ẹ̀ kò sí láàárín ilé àwọn agbágọ́ọ̀fù, torí náà wọ́n á di ìlù, gìtá àti jẹnẹrétọ̀ sínú ọkọ̀, wọ́n á wà á wọ inú iyanrìn lọ lóru, wọ́n á tan jẹnẹrétọ̀, wọ́n á sì máa lù títí ọlọ́pàá yóò fi dé tàbí tí epo yóò fi tán. (Àwa tí a ti fi ìró jẹnẹrétọ̀ sùn tí a sì fi jí mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ kọrin bò ó mọ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ rọra.) Ọtí wà níbẹ̀, ìjà wà níbẹ̀, igbó sì wà níbẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu. Bí ayé ṣe wá sọ irú orin náà ní stoner rock nìyẹn, rọ́ọ̀kì àwọn amugbó, orúkọ tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń kọ ọ́ kò fẹ́ kí wọ́n máa fi pe àwọn.

Ohun tí Homme ṣe kò díjú. Ó dẹ okùn gìtá rẹ̀ sílẹ̀ gan-an, ó sì ki wáyà rẹ̀ bọ ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún gìtá béèsì, ohùn náà sì wá wúwo, ó ń yí gbirigbiri bí òkúta tó ń ti orí òkè bọ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe Welcome to Sky Valley ní 1994, wọ́n so àwọn orin inú sídìí rẹ̀ pọ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta gbọọrọ, kí ẹni tó ń gbọ́ má lè máa fò láti orí orin kan sí òmíràn. Mo fẹ́ràn ìyẹn ju ohun gbogbo mìíràn tí wọ́n ṣe lọ. Olórin tó bá ń béèrè sùúrù lọ́wọ́ olùgbọ́ rẹ̀ ti bu ọlá fún un.

Ìdọ̀tí yẹn kì í wá ṣe àìmọ̀ọ́ṣe, ibí ni àwọn olùbínú sì ti kọ́kọ́ ṣìnà. Àwo tí wọ́n gbé gẹ̀gẹ̀ bí Bíbélì, Blues for the Red Sun ti 1992, kì í ṣe inú iyanrìn ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀. Sítúdíò Sound City ni, ní Van Nuys ní Los Angeles, níbi tí Nirvana ti ṣe Nevermind ní ọdún kan ṣáájú. Ẹni tó sì jókòó tì wọ́n, tó kọ́ wọn bí ohùn aginjù ṣe lè wọ inú téèpù kó má kú síbẹ̀, ni Chris Goss, àgbà olórin tó ní ẹgbẹ́ tirẹ̀, Masters of Reality. Ní àkókò kan náà, lábẹ́ Goss yìí, ẹni tó ń lu ìlù nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ ni Ginger Baker. Àwọn àgbà Èkó kò ní ṣàì rántí Baker: òyìnbó tó wa ọkọ̀ Land Rover la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá ní 1971 títí ó fi dé ọ̀dọ̀ wa, tó bá Fela àti Tony Allen lù, tó sì dá sítúdíò ARC sílẹ̀ ní Ìkejà. Ọwọ́ kan náà tó ti jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Áfíríkà 70, ẹgbẹ́ Fela, wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó tọ́ àwọn ọmọ Palm Desert. Mi ò sọ pé Kyuss ń lu Afrobeat o. Mo kàn ń sọ pé àwọn ọ̀gá iṣẹ́ ló pò ìdọ̀tí náà, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Bí wọ́n bá ní kó dọ̀tí, iṣẹ́ ọwọ́ ni. Bí wọ́n bá ní kó mọ́, iṣẹ́ ọwọ́ náà ni. Èwo ni ti ìdalẹ̀ níbẹ̀?

Ọjà ti mọ èyí tipẹ́. Láti 1995 ni ẹ̀ka Custom Shop ilé-iṣẹ́ Fender ti ń ta irú gìtá kan tí wọ́n pè ní Relic. Tuntun ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti mọ̀ọ́mọ̀ hó ọ̀dà ara rẹ̀, wọ́n ti gún un lọ́tùn-ún lósì, wọ́n ti jẹ́ kí irin ara rẹ̀ dógùn-ún, kó lè jọ ohun tí ẹnì kan ti gbé káàkiri ilé ọtí fún 30 ọdún. Owó rẹ̀ ju ti èyí tí kò lápàá lọ fíìfíì. Ẹni tó bá rà á ti ra àpá iṣẹ́ tí kò ṣe. Àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà gba orin sílẹ̀ pẹ̀lú ń ra ètò tó ń fi ariwo téèpù àtijọ́ kún ohùn tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Wọ́n á fọ̀ ọ́ tán, wọ́n á tún fi eruku wọ́n ọn. Aginjù náà kò gbẹ́yìn. Ní 1999 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ àjọ̀dún orin Coachella ní Indio, nínú àfonífojì kan náà tí àwọn ọmọ jẹnẹrétọ̀ ti ń sá fún ọlọ́pàá, orí pápá pólò ni wọ́n sì ti ń ṣe é. Àní igbó pàápàá ti mọ́. Ní oṣù kọkànlá 2016 ni àwọn ará California dìbò pé kí àgbàlagbà lè máa mu ún láìdá òfin, nígbà tó sì di ọjọ́ kìíní ọdún 2018, ṣọ́ọ̀bù ti ṣí, wọ́n ń tà á lórí káńtà, wọ́n ń já rìsíìtì. Ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ba ayé ọ̀pọ̀ ọmọ dúdú àti ọmọ Mẹ́síkò jẹ́ ní ìpínlẹ̀ kan náà ti di ohun tí wọ́n ń dì sínú ike pẹlẹbẹ bí ọṣẹ olóòórùn dídùn. Mi ò rí ẹni tó pe ìyẹn ní ìdalẹ̀. Àtẹ́wọ́ inú orin Ronson nìkan ni wọ́n rí.

Ẹ jẹ́ ká wá wo àwọn ènìyàn náà fúnra wọn. Kyuss tú ká ní 1995. Ní 2010, John Garcia tó jẹ́ akọrin wọn, Brant Bjork tó ń lu ìlù, àti Nick Oliveri tó ń ta béèsì tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn káyé lábẹ́ orúkọ Kyuss Lives!, Homme kò sì bá wọn lọ. Inú àwọn olólùfẹ́ dùn ṣìnkìn: ohùn ìgbàanì ti padà, ó wúwo, ó dọ̀tí, kò yí padà. Ní oṣù kẹta 2012, Homme àti Scott Reeder, ẹni tó gba béèsì lẹ́yìn Oliveri, gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà nítorí orúkọ. Nígbà tó di oṣù kẹjọ, adájọ́ ní wọn kò gbọdọ̀ fi orúkọ náà gbé àwo jáde. Wọ́n pa orúkọ dà sí Vista Chino, wọ́n sì gbé àwo kan jáde ní 2013. Peace ni wọ́n sọ ọ́, àlàáfíà. Àlàáfíà lẹ́yìn lọ́yà mélòó?

Ìhà méjèèjì ló ní àwíjàre, èmi kọ́ ni adájọ́ wọn, ìwé òfin kò sì tí ì wù mí kà. Ṣùgbọ́n a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Àwọn ọmọ tó ti jọ gbé jẹnẹrétọ̀ kan náà sínú bọ́ọ̀tù ọkọ̀, tí wọ́n ti jọ sá fún ọlọ́pàá kan náà, dé ibi tí lọ́yà ń bá lọ́yà sọ̀rọ̀ lórí ẹni tó ni lẹ́tà márùn-ún. Bí ohùn ìdọ̀tí bá jẹ́ ẹ̀rí òtítọ́ ọkàn lóòótọ́, ilé ẹjọ́ ló yẹ kí ẹ̀rí náà ti wúlò. Kò wúlò níbẹ̀. Gìtá Kyuss kò kọ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn ní bí a ṣe ń pín ogún láìjà, kò sì ṣèlérí pé òun yóò kọ́ wọn. Àwa ni a fi iṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀ lé e lọ́wọ́.

Ẹnì kan lè sọ fún mi pé, Ó dáa, Sleep ńkọ́? Ìbéèrè tó tọ́ ni. San Jose ni ẹgbẹ́ olórin Sleep ti wá, àwọn mẹ́ta: Al Cisneros, Matt Pike, Chris Hakius. Ilé-iṣẹ́ London Records gbà wọ́n, ó fún wọn lówó, wọ́n sì fi púpọ̀ nínú owó náà ra ẹ̀rọ àti igbó. Nígbà tí wọ́n jáde ní sítúdíò ní àárín àwọn ọdún 1990, orin kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ wọn, ó lé ní wákàtí kan. Ilé-iṣẹ́ ní òun kò lè tà á bẹ́ẹ̀. Wọ́n gé e, wọ́n tún ohùn rẹ̀ ṣe, síbẹ̀ kò tẹ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn. Ẹgbẹ́ náà fọ́. Orin náà jáde lábẹ́ orúkọ Jerusalem ní 1999, ó tún jáde ní 2003 bíi Dopesmoker, ó gùn tó ìṣẹ́jú 63. Mo bọlá fún àwọn mẹ́ta yẹn gidi gan-an. Wọ́n kọ̀, kíkọ̀ wọn sì ná wọn ní ẹgbẹ́ wọn. Àmọ́ ẹ wo ohun tí mo ń yìn: wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n dúró tì í, wọ́n sì san owó rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ orin ìṣẹ́jú mẹ́ta tó mọ́ roro ni wọ́n fẹ́ ṣe, tí ilé-iṣẹ́ sì ní kí wọ́n ṣe ti wákàtí kan, ìwà kan náà ni ì bá jẹ́, bí wọ́n bá dúró. Gígùn orin náà kò ṣe nǹkan kan sí i. Àmọ́ àwọn tó ń fi Sleep ṣe àpẹẹrẹ fún mi, ìró ni wọ́n máa ń mú kúrò nínú ìtàn náà, wọ́n á fi ìdúró sílẹ̀ níbẹ̀. Ìró rọrùn láti mú. Ẹni tó bá ní owó díẹ̀ lè ra àpótí kékeré tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀, kí ohùn gìtá tirẹ̀ náà dọ̀tí bíi ti Pike kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọjà kan kò sí níbi tí wọ́n ti ń ta ìdúró.

Mo sì rò pé ìdí tí òtítọ́ fi ṣípò nìyẹn. Òtítọ́ tó wà nínú ìwà ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó ń wò ó. Bí mo bá gbà pé ohun tó ṣe pàtàkì lára ọkùnrin kan ni bó ṣe ń ṣe sí àwọn tó yí i ká, ojú ó tì mí láti gbé òṣùwọ̀n náà lé e lórí kí n má gbé e lé ara mi. Òtítọ́ tó wà nínú ìró kò béèrè nǹkan kan. Mo lè jókòó sí yàrá mi, kí n gbọ́ àwo méjì, kí n sọ pé eléyìí jẹ́ olóòótọ́, tọ̀hún jẹ́ ọ̀dàlẹ̀, kí n sì dìde bí onídàájọ́ òdodo, láìjẹ́ pé mo tíì ṣe ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni.

Nípa Villains fúnra rẹ̀, orin mẹ́sàn-án ló wà nínú rẹ̀, ó dín díẹ̀ ní 50 ìṣẹ́jú. Homme ló wá Ronson lọ fúnra rẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti jọ ṣiṣẹ́ nídìí àwo Joanne ti Lady Gaga ní 2016. Ẹnikẹ́ni kò fi ipá mú un. Ó ní òun fẹ́ orin tí ènìyàn lè jó sí, ohun tó ní òun fẹ́ náà ló sì ṣe. “The Evil Has Landed” dára dé ibi pé bí mo bá fẹ́ bínú sí àwo náà, orin yẹn kì í jẹ́ kí n lè bínú dópin. “Un-Reborn Again” gùn ju ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lọ. Ìlù tí Jon Theodore lù, ó wù mí kí wọ́n jẹ́ kó mí díẹ̀ sí i. Ẹni tó lè lù tó bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí wọ́n fi aṣọ bò ó lẹ́nu. Àríwísí nìyẹn, orí iṣẹ́ ọwọ́ ló sì dúró sí. Kò sí ohun tó kan ẹ̀mí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Ohun tó kan ìwà ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí oṣù mẹ́rin lẹ́yìn tí àwo náà jáde. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejìlá 2017 ni, ní gbọ̀ngàn the Forum ní Inglewood, níbi ayẹyẹ orin Kérésìmesì tí ilé-iṣẹ́ rédíò KROQ máa ń ṣe. Homme ń ta gìtá lọ lórí ìtàgé, ó dé ibi tí obìnrin kan ti ń ya fọ́tò nísàlẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀, ó ta kámẹ́rà ọwọ́ rẹ̀ ní ìpá. Kámẹ́rà náà gbá a lójú. Ilé ìwòsàn ni obìnrin náà lọ lóru náà. Homme kọ́kọ́ sọ pé orin ló gbé òun lọ. Lẹ́yìn náà ó bọ́ síwájú kámẹ́rà, ó tọrọ àforíjì, ó ní kò sí àwíjàre fún ohun tóun ṣe. Fídíò ìṣẹ̀lẹ̀ náà ṣe kedere. Kò sí Ronson níbẹ̀ láti di ẹ̀bi rù.

Àwọn ènìyàn bínú, òtítọ́ ni, ìwé ìròyìn sì kọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo fetí sí bí ìbínú náà ṣe rí, mo sì fi wé ti oṣù kẹjọ. Ti oṣù kẹjọ ní ìmọ̀ nínú, ó ní ìtàn, ó ní ìfẹ́ tó dàpọ̀ mọ́ ìrora: ẹni tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé ti já wọn kulẹ̀. Ti oṣù kejìlá dà bí ìgbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí wọn kò mọ̀ rí. Àwọn kan tilẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ náà ni rọ́ọ̀kì ṣe rí, pé ẹni tó bá fẹ́ ẹran ẹhànnà kó má sunkún bó bá bu òun jẹ. Ẹnu kan náà tó ní àtẹ́wọ́ ba ọmọlúàbí jẹ́ ló ń sọ pé ìpá jẹ́ apá kan eré. Bàbá mi àgbà kì bá tí mọ ohun tó ń jẹ́ áḿpù béèsì, ṣùgbọ́n bí a bá kó ẹ̀sùn méjèèjì wá síwájú rẹ̀, kò ní pẹ́ kó tó mọ èyí tí wọ́n tìtorí rẹ̀ pe ìpàdé.

Èmi náà ṣì ń gbọ́ Villains. Mi ò rò pé ẹ̀ṣẹ̀ ọkùnrin kan ń wọ inú okùn gìtá rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí mi ò ṣe gbà pé òdodo rẹ̀ ń gbé níbẹ̀. Ohun tí mo dáwọ́ rẹ̀ dúró ni kí n máa fi etí nìkan wádìí ènìyàn.

Ní oṣù kẹfà 2023, Queens of the Stone Age gbé àwo mìíràn jáde, In Times New Roman…. Àwọn fúnra wọn ló ṣe kòkáárí rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, wọn kò pe Ronson. Gìtá tún ń kùn, etí rẹ̀ tún ya yánkan-yànkan, ìlù tún ń hó. Ìdùnnú àwọn tó bínú ní 2017 kò ṣeé fẹnu sọ: wọ́n ní àwọn ọmọ náà ti ronú pìwà dà, wọ́n ti padà di ara wọn, wọ́n sì dárí jì wọ́n. Títí di òní, ẹ̀ṣẹ̀ àtẹ́wọ́ ni wọ́n ń sọ.